Aṣọ́dọ̀fóró: Àlàyé lórí Àrùn Àjogúnbá kan tí Ó Ń Ba Ẹ̀dọ̀fóró àti Ẹ̀dọ̀ Jẹ́, fún Àǹfààní Àwọn Yorùbá tí Ń Gbé ní Karmo, Àbújá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ní èdè Yorùbá lórí àrùn àjogúnbá tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní alpha-1 antitrypsin deficiency. Ohun tí ó fa àrùn náà ni àìtó pùrótéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè láti fi dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. A lo ohun tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti mọ̀ nípa jẹ́nótáìpù AA, AS, AC àti SS láti fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí wọn kò tíì mọ̀. A dábàá orúkọ kan, aṣọ́dọ̀fóró, fún pùrótéènì náà, a sì sọ ìdí tí a fi yàn án. Karmo ní Àbújá ni a fi ṣe àpẹẹrẹ àwùjọ. Èrò wa ni pé bí àrùn náà kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ láàrin aláwọ̀ dúdú, ìmọ̀ nípa rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú ń ṣe, àti fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń kúrú láìtọ́jọ́.

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n àìsàn tí a kò bá mọ ìdí rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ a máa dà bí ẹni ń ta ọfà sínú òkùnkùn. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá lè pàdé kí ó di àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àbíkú ni wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àrùn náà pa. Wọ́n ń sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́. Wọ́n ń kọ wọ́n lábẹ, ìyá wọn sì ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀dọ́ Yorùbá tí ó ń múra ìgbéyàwó tí wọn kò ní béèrè jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Ohun tí ó mú ìyípadà náà wá ni pé a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí ènìyàn gbọ́, títí tí ó fi di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú iṣẹ́ yìí kò tíì rí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gbà. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí àpérò elédè púpọ̀ yìí.

2.0 Karmo gẹ́gẹ́ bí Àwùjọ

Karmo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí ní Àbújá, lábẹ́ Abuja Municipal Area Council. Ó múlé gbe Gwarinpa, Jabi àti Idu. Àwọn Gbagyi ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Hausa, Yorùbá, Igbo, Tiv àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ báyìí. Èdè Hausa, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ná ọjà, tí wọ́n sì fi ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà bá wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn tàbí Kàbà wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú abiyamọ, Yorùbá ni yóò fi béèrè ohun tí dókítà sọ.

Nǹkan mìíràn tí ó mú wa yan Karmo ni afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ilé fún pọ̀ ní ìlú ńlá, èéfín igi ìdáná àti èédú, ti jẹnẹrétọ̀, ti ìdọ̀tí tí a ń sun àti ti ẹni tí ń sun súyà máa ń pàdé níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a tún dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀dọ̀fóró tí ó ní ẹ̀ṣọ́ pàápàá ń jìyà níbẹ̀, áḿbọ̀sì èyí tí kò ní.

3.0 Kí Ni Aṣọ́dọ̀fóró?

3.1 Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Orúkọ tí pùrótéènì yìí ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Antitrypsin túmọ̀ sí ohun tí ń dènà trypsin, bẹ́ẹ̀ trypsin jẹ́ èròjà tí ó ń bá wa da oúnjẹ nínú ìfun. Inú ìgò àyẹ̀wò ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ rí i pé pùrótéènì náà ń dá trypsin dúró, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ní inú ara, èròjà mìíràn tí ń jẹ́ elastase ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an, ẹ̀dọ̀fóró sì ni ibi tí ó ti ń ṣọ́ ọ. Bí a bá wá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní olówuuru, a ó kàn gbé àṣìṣe láti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn ni.

A dábàá pé kí a sọ pùrótéènì náà ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a ti ní aṣọ́bodè àti aṣọ́gbà, bẹ́ẹ̀ ni a lè ní aṣọ́dọ̀fóró. Kí àrùn náà fúnra rẹ̀ sì máa jẹ́ àìtó aṣọ́dọ̀fóró.

Èdè wa tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Hausa ń pe ẹ̀dọ̀fóró ní huhu, ó ń pe ẹ̀dọ̀ ní hanta. Kò sí ohun tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ní ti Yorùbá, ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yóò gbọ́ ọ pé wọ́n jọ wà pọ̀, kò sì ní ṣòro fún un láti gbà pé ohun tí ó bá ẹ̀dọ̀ lè bá ẹ̀dọ̀fóró.

3.2 Iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Nígbà tí kòkòrò àrùn, eruku tàbí èéfín bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun, a sáré lọ síbẹ̀. Elastase wà lára àwọn ohun ìjà wọn. Ó lágbára láti jẹ kòkòrò run, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí onílé. Bí ogun bá parí tí a kò dá a dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá jù lọ àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń mú kí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fẹ̀ kí ó sì súnkì.

Níbi yìí ni aṣọ́dọ̀fóró ti ń ṣiṣẹ́ bí tàkúté. Elastase a wá bù ú jẹ, tàkúté a ré, ọ̀tá a há sínú rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì jọ parẹ́. Nítorí pé tàkúté kan kò lè pa ju eku kan lọ, ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ máa pèsè òmíràn lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró.

Lára ẹni tí ó ní àrùn yìí, ẹ̀dọ̀ ń pèsè tàkúté náà, ṣùgbọ́n kò ká a bí ó ti yẹ. Ó wọ́, ó ń kọ́ ara rẹ̀ mọ́ èkejì bí ẹ̀wọ̀n, ó sì dì sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, kò lè jáde. Ohun méjì ni èyí ń fà. Ẹ̀dọ̀fóró kò rí ẹ̀ṣọ́ tí yóò dáàbò bò ó. Ẹ̀dọ̀ sì ń ru ẹrù tí kò lè sọ̀. Àrùn kan náà wá ń ba ibi méjì jẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti ẹ̀dọ̀fóró nítorí àìní, ti ẹ̀dọ̀ nítorí àpọ̀jù.

4.0 Bí Wọ́n Ṣe Rí Àrùn Náà

Ìlú Malmö ní orílẹ̀-èdè Sweden ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Carl-Bertil Laurell ń yẹ bébà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò, níbi tí pùrótéènì ẹ̀jẹ̀ ti ń tò ní ìlà-ìlà. Nínú nǹkan bí 1,500 àyẹ̀wò, ó rí i pé ìlà kan kò sí lára márùn-ún. Òun àti Sten Eriksson, tí ó jẹ́ dókítà ọ̀dọ́ nígbà náà, wá àwọn tí wọ́n ni ẹ̀jẹ̀ náà rí, wọ́n sì bá a pé ẹ̀dọ̀fóró mẹ́ta nínú wọn ti bàjẹ́ ní ọjọ́ orí tí kò yẹ. Wọ́n gbé àbájáde yìí jáde ní ọdún 1963. Ní ọdún 1969, Harvey Sharp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó pùrótéènì yìí kan náà wà lára àwọn ọmọdé tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbagidi.

Láàrin ọdún 1972 sí 1974, Sweden yẹ ẹ̀jẹ̀ 200,000 ọmọ tuntun wò. Nǹkan bí 120 ni wọ́n bá àrùn náà lára wọn. Ohun ìtùnú tí ó jáde nínú iṣẹ́ náà ni pé ìwọ̀nba díẹ̀, bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ni ibà pọ́njú wọn pẹ́ lára. Ẹni tí ó jogún àrùn náà kò tíì di aláìsàn dandan, nítorí ohun tí ó bá ṣe pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ í sọ.

5.0 Bí A Ṣe Ń Jogún Rẹ̀: Jẹ́nótáìpù Mìíràn

Ọ̀pọ̀ Yorùbá rò pé jẹ́nótáìpù kan ṣoṣo ni ó wà, ìyẹn ti AA, AS, AC àti SS. Ní òtítọ́, ti pùrótéènì ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan nìyẹn. Pùrótéènì kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ti aṣọ́dọ̀fóró ń lo lẹ́tà M, S àti Z. M ni ó pé. Lẹ́tà náà dúró fún bí pùrótéènì ṣe ń yára sí lórí ohun àyẹ̀wò: M ń rìn ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, S ń falẹ̀, Z ń falẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, S ti ibí yìí kì í ṣe S ti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má jẹ́ kí ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ wa lójú.

Síbẹ̀, àwọn méjèèjì jọra lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a fi pùrótéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Okùn beta ti ẹ̀jẹ̀ pupa ní ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ 146. Bí a bá yọ ẹyọ kẹfà, tí ó jẹ́ glutamic acid, tí a fi valine rọ́pò rẹ̀, ó di S. Bí ó bá jẹ́ lysine ni a fi rọ́pò rẹ̀, ó di C tí Yorùbá mọ̀ dáadáa. Aṣọ́dọ̀fóró ní ẹyọ 394. Bí valine bá gba ipò glutamic acid ní ẹyọ 264, ó di S tirẹ̀. Bí lysine bá gba ipò glutamic acid ní ẹyọ 342, ó di Z. Irú ìpààrọ̀ kan náà ni, orí okùn ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ti mọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe lè sọ ọmọ di SS kò ní ṣiyèméjì pé ìlẹ̀kẹ̀ kan lè dá ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró láàmú.

Bàbá ń fún ọmọ ní lẹ́tà kan, ìyá ń fún un ní ọ̀kan. Bí bàbá bá jẹ́ MZ tí ìyá sì jẹ́ MZ, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ yóò jẹ́ MM, méjì nínú mẹ́rin pé yóò jẹ́ MZ bí òbí rẹ̀, ẹyọ kan nínú mẹ́rin pé yóò jẹ́ ZZ. Ẹni ZZ kì í ní ju nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún aṣọ́dọ̀fóró tí ó yẹ kí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni SZ ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ZZ.

Kókó méjì ni ó yẹ kí tọkọtaya di mú. Èkíní ni pé AA kò sọ ohunkóhun nípa M tàbí Z. Bí ọmọ àwọn òbí AA bá ní àrùn àjogúnbá, kì í ṣe pé ẹnì kan purọ́. Èkejì ni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fún ọmọ ní àrùn náà, láìmọ̀, láìfẹ́. Ìyá ọkọ tí ó bá ń sọ pé ìdílé ìyàwó ni àrùn ti wá ti gbàgbé ìdajì tí ọmọ tirẹ̀ fi sílẹ̀.

6.0 Àwọn Àmì Rẹ̀

6.1 Lára ọmọ tuntun

Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú wọn ń pupa rúsúrúsú bí àtalẹ̀ pupa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá yọ ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú, tàbí tí ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ilé ìwòsàn ní kíá ni, nítorí ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Láàrin Yorùbá, ọ̀kan lára ohun tí ó wọ́pọ̀ tí ń fa èyí ni àìtó G6PD, tí òun náà jẹ́ àìtó pùrótéènì àjogúnbá. Káńfọ̀ tí a fi sáàrin aṣọ ọmọ lè ru ú sókè.

Èyí tí ó kan aṣọ́dọ̀fóró yàtọ̀. Ibà pọ́njú náà a kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbẹ́ ọmọ a funfun bí ẹfun tàbí kí ó ṣì, ìtọ̀ rẹ̀ a sì dúdú bíi tíì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé fún oòrùn àárọ̀, omi ìbẹ́pẹ, omi gúlúkóòsì tàbí ampiclox. Àrùn mìíràn tí ó jọ ọ́ ni kí ọ̀nà òróòro ọmọ dí, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì ń yọrí sí rere jù bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì. Ọjọ́ tí a fi ń dán ewé wò ni ọjọ́ tí ọmọ kò ní rí gbà padà.

6.2 Lára àgbàlagbà

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta, ẹni náà a máa mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn tàbí gbé omi. Àyà rẹ̀ a máa han, ikọ́ a máa ṣe é léraléra. Wọ́n lè pè é ní ásímà tàbí ikọ́ ife, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ ni yóò le, ikùn a kún fún omi, ẹsẹ̀ a wú. Ó sì lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè má fi ẹnu kan ọtí rí, kí àwọn ènìyàn sì máa sọ pé ọtí ni ó ṣe é, tàbí pé wọ́n fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀.

7.0 Ṣé Ó Wà Láàrin Wa?

Ó yẹ kí a sọ òótọ́. Àríwá Yúróòpù ni Z ti wọ́pọ̀ jù, S sì wọ́pọ̀ jù ní Spain àti Portugal. Láàrin àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,500 sí 3,500 ni ó ní àrùn náà. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an láàrin aláwọ̀ dúdú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, mẹ́dọ̀wú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́. Ìwádìí ìjọba tí ń jẹ́ NAIIS ní ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú B.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n kì í ṣe àìsí. Yorùbá ti fẹ́ra pẹ̀lú onírúurú ìran, nílé àti lẹ́yìn odi, ọmọ wọn sì ń padà wá sí Èkó àti Àbújá. Jíìnì kì í béèrè ìwé ìrìnnà. Yàtọ̀ sí Z àti S, àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kò wọ́pọ̀ tún wà tí wọ́n ti rí lára onírúurú ìran. Lára wọn ni èyí tí ẹ̀dọ̀ kò fi pèsè aṣọ́dọ̀fóró rárá. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ìṣòro, torí kò sí ohun tí ó dì sínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 1997 pé kí a yẹ àìtó yìí wò lẹ́ẹ̀kan lára gbogbo ẹni tí èémí rẹ̀ ti dí tí kò sì là mọ́. Ohun tí a kò bá wá, a kì í rí i.

8.0 Èéfín

Kò sí ohun tí ó ń ba ẹni tí aṣọ́dọ̀fóró rẹ̀ kò tó jẹ́ bíi sìgá. Èéfín rẹ̀ ń pe ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ń tú elastase sílẹ̀. Èéfín náà tún ń ba ìwọ̀nba tàkúté tí ó kù jẹ́ kí ó má lè ré mọ́. Ó dà bí ẹni tí ó pe olè wọlé tí ó tún so ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Èéfín igi ìdáná àti eruku náà ń pa kún un.

Òfin ìdènà tábà ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà ka sìgá mímu léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ṣùgbọ́n yàrá tí a fi ń dáná nínú fèsì-mí-n-fèsì-ọ́ kò sí nínú òfin yẹn. Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ilé tí yàrá mẹ́wàá dojú kọra wọn, hẹ̀rẹ̀huru ẹnì kan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

9.0 Ìtọ́jú

Kò tíì sí oògùn tí ó ń mú àrùn náà kúrò pátápátá. Ìtọ́jú tí ó wà nìwọ̀nyí:

(i) Kí aláìsàn yàgò fún sìgá àti èéfín, kí ó sì dín ọtí kù tàbí kí ó fi í sílẹ̀.
(ii) Kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú A àti B, ti òtútù àyà àti ti ọ̀fìnkìn líle.
(iii) Kí dókítà fún un ní oògùn ìfàsímú tí ń la ọ̀nà èémí, àti ọ́síjìn bí ó bá yẹ.
(iv) Ní àwọn ilẹ̀ tí apá wọn ká a, wọ́n ń fa aṣọ́dọ̀fóró tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọlọ́rẹ sí aláìsàn lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1987. Ó wọ́n púpọ̀, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ó sì ń ṣe lóore.
(v) Bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́ tán, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ó kù. Nítorí pé ẹ̀dọ̀ tuntun yóò máa pèsè aṣọ́dọ̀fóró tí ó pé, àìtó náà a dópin.

Ní Idu, nítòsí Karmo, ni NIPRD wà, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí oògùn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti lo ìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá láti ṣe Niprisan fún fòníkú-fọ̀ladìde, láti ara èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Èyí fi hàn pé a kò kẹ́gàn ewé àti egbò. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò kí wọ́n tó fọwọ́ sọ̀yà. Kò sí àgbo tí a ti dán wò bẹ́ẹ̀ fún àìtó aṣọ́dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tí ó sì ti ń ru ẹrù kò nílò kí a tún da páragà lé e lórí.

10.0 Àbá àti Àgbálọgbábọ̀

A dá àwọn àbá wọ̀nyí. Kí àwọn olùkọ́ èdè àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ jọ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìlera ní Yorùbá, Hausa, Igbo àti Gbagyi, kí wọ́n máa fi iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Kí àwọn tí ń gba tọkọtaya níyànjú ṣàlàyé fún wọn pé AA kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé kò sí àrùn àjogúnbá kankan. Kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fi èdè tí ìyá gbọ́ bi í léèrè àwọ̀ ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kí dókítà tí ó bá rí ọ̀dọ́ tí èémí rẹ̀ kúrú, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ láìsí mẹ́dọ̀wú àti ọtí, rántí aṣọ́dọ̀fóró.

Bí Yorùbá bá fẹ́ kí ènìyàn ní sùúrù, wọn a ní kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ẹni tí àrùn yìí ń ṣe àti ìdílé rẹ̀ nílò irú sùúrù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣe òun yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn. Ó kéré tán, ìyá àgbà tí ó ti Ìsẹ́yìn wá sí Karmo yẹ kí ó lè gbọ́, ní èdè tirẹ̀, pé kì í ṣe ayé ni ó ń bá ọmọ ọmọ òun jà, pé kì í ṣe ìyàwó ọmọ òun ni ó fà á, àti pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí àwọn gbà lónìí, kì í ṣe lọ́la.